Okùn Adìẹ Ìyá Sábítì

Ràbí, ọmọ ọmọ mi, ló ń kọ èyí, nítorí èmi ò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má bu omi tútù sí ibi tó bá gbóná. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe ló ní kí n bá sọ̀rọ̀. Ó dáa. Iṣẹ́ adìẹ ni mo ṣe, ọdún márùndínlọ́gọ́ta gbáko.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú iṣẹ́ adìẹ yẹn ni ohun tí wọ́n ń gbé kiri lórí rédíò ti jáde: pé àwọn adìẹ kan wà tí àrùn lúkúlúkú kì í pa, pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni agbára náà wà, pé ìyá ló ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ, tí ọmọ á sì fi sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ. Wọ́n ti tẹ ìwé lé e lórí. Wọ́n ní Dókítà oko adìẹ ìjọba ló rí i. Irọ́ ni. Ìyá Sábítì ló rí i, ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Lagos Town, kí Dókítà tó mọ adìẹ kankan yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ọbẹ̀.

Ràbí ní kí n jẹ́ kó mú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kúrò. Mi ò gbà.

Lagos Town ni wọ́n ń pe Accra New Town nígbà náà, nítorí àwa Yorùbá tó kún ibẹ̀. Àwọn ará Accra ń pè wá ní Alata. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ìyá tó bí mi fà mí lé Ìyá Sábítì lọ́wọ́ pé kó kọ́ mi níṣẹ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá Sábítì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Adìẹ àti ẹyin ló ń tà, ṣùgbọ́n kì í lọ ra adìẹ lọ́jà kó tún un tà bí àwọn yòókù. Èyí tó bá sìn fúnra rẹ̀ ló ń tà.

Ẹ mọ̀ pé àṣà wa ni láti máa so àkísà mọ́ adìẹ, kó má bàa dàpọ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Gbogbo adìẹ ilé kan, aṣọ kan náà. Ti Ìyá Sábítì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àgbàlá rẹ̀, adìẹ kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ tirẹ̀, èyí tí à ń gbà lọ́wọ́ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọjọ́ tí òròmọdìẹ bá pa ni a óò ya fọ́nrán lára aṣọ ìyá rẹ̀, a óò so ó mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Aṣọ àkùkọ tó gun ìyá rẹ̀ ni a óò so mọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń tú u, tí mò ń tún un so, nítorí ẹsẹ̀ adìẹ ń dàgbà, aṣọ kì í dàgbà. Bí a bá ta adìẹ kan tàbí tó kú, a óò bọ́ aṣọ rẹ̀, a óò ta á ní kókó sára okùn gígùn kan, lábẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀. Okùn yẹn ni ìwé wa. Bí Ìyá Sábítì bá fi ìka tọ̀ ọ́ sókè, á dárúkọ ìyá, ìyá àgbà, àti ìyá ìyá àgbà adìẹ tó o bá gbé dé iwájú rẹ̀.

Ó le o! Kò nà mí rí. Ì bá sàn kó máa nà mí.

Lọ́jọ́ kan, abo adìẹ méjì pa ẹyin pọ̀. Aláró lórúkọ ọ̀kan, aṣọ aláró tó ní àmì funfun tóótòòtó ni tirẹ̀. Ọlọ́sàn ni ìkejì. Mo ń kánjú lọ wo àwọn ẹgbẹ́ mi níbi eré, mo bá so aṣọ náà wàràwàrà. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Sábítì mú òròmọdìẹ kan dání.

"Sàlámátù, ta ni ìyá èyí?"

"Aláró ni, mà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, mà."

"Ta ló so aṣọ náà?"

"Èmi ni, mà."

"Àṣé ìwọ lo sọ fún ara rẹ."

Ó já aṣọ náà, ó fi òròmọdìẹ yẹn lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó síwájú abo adìẹ méjèèjì títí n óò fi mọ ìyá ọmọ. "Má wo aṣọ. Aṣọ lè parọ́, ọwọ́ èèyàn ló so ó. Adìẹ ni kó o wò." Oòrùn mú mi, ó kúrò lára mi. Wọ́n jẹun, wọn ò fún mi. Mo wo ẹnu, mo wo ojú, mo wo ìyẹ́ tí kò tíì hù dáadáa. Nígbà tó yá ni mo rí i pé èékánná kan funfun lára ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà, mo wo ẹsẹ̀ Ọlọ́sàn, mo rí èékánná funfun níbẹ̀ gan-an. Mo kígbe bí ẹni tó rí owó he. Ìyá Sábítì kò yìn mí. Ó gbé kenkey àti ẹja fún mi, ó ní, "Ọ̀la, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í wo tàwọn yòókù." Bí mo ṣe di ẹni tó ń wo adìẹ lójú nìyẹn. Títí dòní, bí adìẹ bá kọjá níwájú mi, ojú mi á kọ́kọ́ lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nìyí. Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni lúkúlúkú máa ń wọ àdúgbò. Bí adìẹ àkọ́kọ́ bá ti ṣe bí ẹni tó ń sín, àwọn aládùúgbò á yára kó tiwọn lọ tà kó tó kú, bí ọyẹ́ bá kọjá, wọ́n á lọ ra òmíràn lọ́jà. Ìyá Sábítì kì í tà, kì í rà. Á jókòó, á máa wò. Èyí tó kú, a sin ín. Èyí tó bá dúró, òun ló máa ń fi ṣe ìyá fún ọdún tó ń bọ̀.

Ìyàwó alágbàfọ̀ àdúgbò wa máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Sábítì, ẹ tún fẹ́ gbàwìn ikú lọ́dún yìí?"

"Ẹni tí ìjì kò bá gbé ṣubú ni mo fẹ́ kó bímọ fún mi," ni Ìyá Sábítì á fi dá a lóhùn, á sì máa bá ọkà tó ń fẹ́ lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Ó wá dé ìgbà kan tí lúkúlúkú gbá gbogbo ilé tó wà ní òpópónà wa, tó jẹ́ pé adìẹ méjì péré ló kú ní tiwa. Ìyá Sábítì na okùn sílẹ̀, ó ní kí n sọ ìyá àwọn tó dúró fún òun, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn pátá, bí mo bá tọ okùn náà lọ, ìdí Aláró ni mo ń bọ́ sí. Ó ní, "O rí i? Kì í ṣe oríire. Ó wà nínú ara wọn. Ìyá wọn ló fún wọn." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, kí ni Dókítà tún sọ tó ju ìyẹn lọ?

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé jáde ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ti fẹ́ ọkọ, ará Gã ni, awakọ̀ ni, nítorí náà mo dúró. Ìyá Sábítì ò lè dúró. Ní àárọ̀ tó ń lọ, ó gbé àgò kan wá bá mi: abo adìẹ mẹ́ta, àkùkọ kan, ọmọ Aláró ni gbogbo wọn. Okùn náà wà lórí wọn.

"Wọn ò jẹ́ kí n gbé wọn wọkọ̀," ló wí. "Má jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n sọnù."

Mi ò fojú kàn án mọ́. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé ó ti kú sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Bí mo ṣe dé oko adìẹ ìjọba kò gùn. Wọ́n ń wá adìẹ ìbílẹ̀ tí àkùkọ òyìnbó máa gùn, mo kó ọmọ àwọn adìẹ mi lọ, wọ́n gba adìẹ, wọ́n gba èmi náà. Owó oṣù ibẹ̀ kò tó fi ṣe fáàrí. Níbẹ̀ ni mo ti bá Dókítà pàdé, ọmọ Ghana tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tí kóòtù funfun rẹ̀ ṣì ní ìlà páálí tó fi kó o wá. Ó bi mí pé ta ló ni àwọn adìẹ wọ̀nyí. Mo ní ti ìyá mi ni. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ẹ fi ìdáhùn mi yìí sọ́kàn, yóò padà wá bù mí jẹ.

Dókítà kò fẹ́ aṣọ lẹ́sẹ̀ adìẹ. Ó ní àkísà ń gbé kòkòrò. Òrùka irin tó ní nọ́ńbà, tó ti ìlú òyìnbó wá, ni wọ́n fi ń sàmì sí wọn, Kofi akọ̀wé á sì kọ nọ́ńbà sínú ìwé ńlá. Mo bọ́ àwọn aṣọ náà bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n mi ò bọ́ ojú mi. Ọjọ́ tí mo bá simi nílé, mo máa ń yọ okùn Ìyá Sábítì jáde, kí n ta kókó fún àwọn tó pa lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá àti bàbá, bí mo ṣe rí wọn lójú ara mi.

Àjálù náà dé ní ọyẹ́ kan báyìí. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, adìẹ mẹ́fà ń yí ọrùn wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè. Ní ọ̀sán, ìgbẹ́ wọn ti dà bí omi ewé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ilé adìẹ mẹ́rin ti dákẹ́. Ẹ ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rí bí ẹ ò bá tíì wọ ilé adìẹ tí kò sí ohùn nínú rẹ̀. A gbẹ́ kòtò, a ń kó wọn dà sí i, a ń dáná sun wọ́n, omi ń jáde lójú mi. Dókítà rò pé èéfín ni. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ibi kòtò yẹn ni mo ti rí Kofi tó ń bọ́ òrùka lẹ́sẹ̀ àwọn òkú adìẹ, tó ń jù ú sínú korobá. Òrùka kò pọ̀ mọ́, ti tuntun kò sì tíì dé láti òkè òkun. Ó fọ̀ wọ́n, ó fi wọ́n sẹ́sẹ̀ àwọn adìẹ tó kù tí òrùka kò tíì kàn àti àwọn tuntun.

"Kofi, o gbé nọ́ńbà òkú wọ alààyè yẹn."

"Maame Alata, òrùka ni o. Kì í ṣe iwin."

"Ìwé ńkọ́? Ṣé o ti tún ìwé kọ?"

"Màá tún un kọ," ó wí. Kò tún un kọ.

Adìẹ mọ́kàndínlógún ló dúró lórí ẹsẹ̀. Mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò. Ọmọ ọmọ Aláró ni gbogbo wọn, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Mo sáré lọ bá Dókítà.

"Ọ̀gá, ìdílé kan ni wọ́n."

Ó ṣí ìwé. "Ìyá mọ́kànlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn, ó wà níbí. Oríire lásán ni wọ́n fi yè é."

"Ìwé yín ń ka òrùka òkú, ọ̀gá. Mo ní okùn nílé..."

"Okùn?" Ó rẹ́rìn-ín, Kofi náà bá a rín in. "Maame, lọ fún wọn lómi."

Lọ fún wọn lómi! Mo lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú mi, kò jáde. Kí ènìyàn ní òótọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n ní kó lọ pọn omi.

Nígbà tí lúkúlúkú tún padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Dókítà fúnra rẹ̀ ló wá bá mi nídìí ilé adìẹ, kò mú Kofi dání. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Maame, àwọn wo lo rò pé wọ́n á dúró?" Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí wọn: tọ̀ún, tọ̀ún, tọ̀ún. Ó kó wọn sọ́tọ̀. Wọ́n dúró. Láti ọjọ́ náà, kò fa ẹ̀jẹ̀ lára adìẹ kankan láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ tọ́ka sí i. Tọ́ka, tọ́ka, ọdún dé ọdún. Kò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà á.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Òrùka irin di òrùka rọ́bà. Ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin dé, kò sí adìẹ tó ń sàba mọ́, ọgọ́rùn-ún òròmọdìẹ á jáde nínú dúrọ́wà lẹ́ẹ̀kan náà láìmọ ìyá. Mo bú ẹ̀rọ yẹn títí ó fi mọ́ mi lára. Mo wá kọ́ bí mo ṣe lè máa to ẹyin ìyá kan sí dúrọ́wà kan. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, ẹ lè bi wọ́n. Abẹ́rẹ́ dé, fíríìjì dé, kọ̀ǹpútà gba àga Kofi. Ẹ̀jẹ̀ adìẹ tí à ń kán sínú ìgò tíntín ń wọ bàálù lọ sí ìlú tí èmi kò ní dé láéláé. Wọ́n fẹ̀yìn mi tì, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, mo padà sílé mi ní Ashaiman.

Ọdún tó kọjá, wọ́n ní kí n wá síbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ́sí Dókítà. Èmi àti Ràbí wọ ọkọ̀ trotro lọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi wá sí. Dókítà, tí orí rẹ̀ ti funfun, bọ́ síwájú, ó ń sọ bí òun ṣe "ṣàkíyèsí" pé ìdílé kan ló ń yè. Ràbí ń ka ìwé tí wọ́n pín sí mi létí. Mo ní kó wá orúkọ Sàlámátù. Ó wá a dé ẹ̀yìn ìwé, kò sí. Mo ní kó wá ti Ìyá Sábítì. Kò sí. Ohun tó rí ni pé "adìẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá òṣìṣẹ́ kan."

Mo dìde. Ràbí ń fa ìró mi, mo já a gbà. Twi ni mo fi sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Dókítà! Irú aṣọ wo ló wà lẹ́sẹ̀ ìyá wọn?"

Ó wò mí. Ó dá mi mọ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Kò mọ irú aṣọ náà, nítorí kò bi mí rí. Ọmọbìnrin kan tó wọ súùtù wá mú mi lápá pé, "Maame, ẹ jókòó, wọ́n á fún yín ní omi." Omi náà ni! Mo bá Ràbí jáde.

A kì í gba àkàkà lọ́wọ́ akítì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ tó jogún yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ wá sílé mi. Ẹ̀rọ tuntun wọn ti ka ẹ̀jẹ̀ àwọn adìẹ àtijọ́, kò sì bá ìwé ńlá mu: ìyá tí ìwé kọ kọ́ ni ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń pè. Wọn ò lè pín irú adìẹ náà fún àwọn àgbẹ̀ àfi bí wọ́n bá mọ ta ló bí ta. Wọ́n ti gbọ́ pé mo ní okùn. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo ní ẹni tó rẹ́rìn-ín sí i ni kó wá.

Ó wá. "Agóò!" ló ké lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Mo ní kó jókòó lórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé dáná.

"Maame, mepa wo kyɛw," ó ń bẹ̀ mí. "Àwọn òrùka yẹn..."

"Òrùka òkú."

"Òrùka òkú ni," ó gbà. "Ẹ̀yin lẹ sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n rí okùn náà."

"Kí ló dé tí orúkọ ìyá mi kò sí nínú ìwé rẹ?"

Ó yọ ìwé kékeré kan jáde lápò, ìwé àtijọ́ tí etí rẹ̀ ti jẹ. Ó fún Ràbí. Ràbí kà á: ẹni tó ni adìẹ, ìyá òṣìṣẹ́.

"Mo bi yín," ni Dókítà wí. "Ẹ ní ti ìyá yín ni. Mo tún bi yín lọ́dún kejì, ẹ ní 'Ìyá Sábítì'. Mo ní, orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ lọ fún adìẹ lómi."

Òótọ́ ni. Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi la ẹnu pe orúkọ ọ̀gá mi? Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn: ọmọ kì í dárúkọ àgbà, wọ́n á gbá a lẹ́nu. Mo fi ọ̀wọ̀ bo orúkọ náà mọ́lẹ̀ títí kò fi sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ ní gbogbo Accra àfi èmi. Ràbí pàápàá kò gbọ́ ọ rí.

Mo ní, "Ti orúkọ rẹ̀, mo pín nínú ẹ̀bi. Tèmi ńkọ́? Sàlámátù kò ṣòro í pè, o sì fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ ọ."

Ó sọ orí kọ́. "Ti yẹn, èmi ni," ó wí.

Mo fa okùn náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo nà án sílẹ̀. Mo di etí kan mú, Dókítà di etí kejì mú. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Mo ní kó yọ bíírò rẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, èmi àgbàlagbà, mo ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí, mo fẹ́ pe orúkọ yín."

Mo pè é. Sùwébátù Àbẹ̀kẹ́.

Dókítà kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ̀! Ràbí ló ń pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré náà bí ọmọ iléèwé, lókè orúkọ tirẹ̀, ó sì kọ tèmi tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé kókó àkọ́kọ́, aṣọ aláró tó ti ṣá. "Òun nìyí. Irú aṣọ tí mo bi ọ́ ní gbọ̀ngàn nìyí."

Ìdajì okùn ni mo kà fún un. Wọ́n ní wọ́n ń tún ìwé tí wọ́n tẹ̀ lórí adìẹ wa tẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, tí Ràbí kà á, tí mo gbọ́ Sùwébátù nínú rẹ̀, màá ka ìyókù. Títí di ìgbà yẹn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà.

Ràbí ní kí n wá fi ọ̀rọ̀ tó tutù parí rẹ̀. Mi ò ní èyí tó tutù. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ti kú kó tó gbọ́, inú ṣì ń bí mi sí Dókítà, inú sì ń bí mi sí ara mi. Iṣẹ́ adìẹ dára, iṣẹ́ yòówù tó bá wù yín dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ohun tí ẹ sàba lé bá pa, ẹ so aṣọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ sì pe orúkọ ẹni tó kọ́ yín sókè, nígbà tó ṣì lè dáhùn.